Bí wọ́n ṣe ń rí ojú ara wọn láyé módẹ̀mù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi sọ pé nígbà tí àwọn ń kàwé ní Amẹ́ríkà ní 1996, àwọn máa ń rí ojú ọ̀rẹ́ àwọn lórí kọ̀ǹpútà, wáyà tẹlifóònù lásán sì làwọn fi ń ṣe é. Èmi rèé pẹ̀lú 4G, bí mo bá pe màmá mi lórí fídíò, ojú wọn á kàn dúró gbagidi. Báwo ni tàwọn bàbá mi ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ni mo sì lè rí mú lò níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni bàbá yín sọ. Ètò orí kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ CU-SeeMe ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò nígbà náà. Tim Dorcey ló ṣe é ní Yunifásítì Cornell ní 1992 fún kọ̀ǹpútà Macintosh, kó tó dé orí Windows. Kámẹ́rà wọn ni QuickCam, tó jáde ní 1994, róbótó bíi bọ́ọ̀lù kékeré. Dúdú, funfun àti àwọ̀ eérú nìkan ló mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Àwòrán wọn fẹ̀ ní píksẹ́lì (àwọn tóótó kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 160, ó ga ní 120: 19,200 ni gbogbo rẹ̀. Bíìtì (òdo tàbí ení tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nǹkan) 4 ni píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gbà, ó di bíìtì 76,800. Módẹ̀mù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà tẹlifóònù, tó dáa nígbà náà ń gbé bíìtì 28,800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwòrán ẹyọ kan á ti gbà ju ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ lọ!

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí nìyí: wọn kì í fi odindi àwòrán ránṣẹ́ léraléra. CU-SeeMe á gé e sí ègé kéékèèké 300, píksẹ́lì 8 níbùú, 8 lóròó, á wá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá yí padà nìkan ló ń lọ. Ògiri ẹ̀yìn yín kì í rìn, nítorí náà ẹnu àti ojú yín ló ń gba ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá wá juwọ́ lójijì, ẹ ó rí ọwọ́ àtijọ́ tó ṣì wà léjìká, tí ọwọ́ tuntun á máa yọ ní ègé ní ègé lókè orí.

Ohùn ló le jù, torí etí kì í gba kí ọ̀rọ̀ máa já. Ohùn tí wọ́n fún pọ̀ lọ́nà GSM, bíi ti fóònù alágbèéká, ń gba bíìtì 13,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì módẹ̀mù yẹn. Ọ̀pọ̀ kàn ń wo ojú ara wọn, wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀.

Fídíò orí fóònù yín ṣì ń tẹ̀ lé ọgbọ́n yẹn, àmọ́ ó ti gbọ́n sí i: ó ń wá ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan ṣí lọ. Bí ẹ bá ń rìn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, gbogbo ègé ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Òkùnkùn náà ń dá kún un, torí kámẹ́rà á máa ta tóótòòtó bí iyanrìn, fóònù á sì rò pé nǹkan ń mira.

Àwòrán tí ẹ ń rí tó ń dúró, ọ̀dọ̀ màmá ló ti ń bọ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n gbé fóònù ti nǹkan, kí wọ́n kọjú sí fèrèsé, kí ògiri wà lẹ́yìn wọn, kì í ṣe kọ́tìnì tí fáànù ń fẹ́. Tó bá ṣì ń há, ẹ ní kí wọ́n pa kámẹ́rà, kí ohùn wọn lè máa dún ketekete.