Ọmọ mi ń sá fún aṣọ funfun, ó sì ń fi igbe gba bisikíìtì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 4 lóṣù tó kọjá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ara rẹ̀ ò yá, bó bá ti rí nọ́ọ̀sì, igbe ni. Mo rò pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí màmá mi ti ṣọ́ọ̀ṣì yà kí wa, tí wọ́n wọ sùtánà. Ọmọ figbe ta, ó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Omi bọ́ lójú màmá. Èkejì: tá a bá dé ṣọ́ọ̀bù, tí mi ò bá ra bisikíìtì fún un, á ṣubú lulẹ̀, á máa yí gbiri. Nígbà mìíràn mo máa ń rọ́jú, nígbà mìíràn ojú á tì mí, mà á rà á. Bàbá rẹ̀ ní pàṣán ló máa wo méjèèjì sàn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi bẹ bàbá rẹ̀ kí wọ́n gbé pàṣán kọ́ ná. Igbe méjèèjì jọra létí, àmọ́ ọ̀nà tí ọmọ gbà kọ́ wọn yàtọ̀, oògùn wọn ò sì lè jẹ́ ọ̀kan.

Ẹ rántí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, tẹ́ ẹ máa ń gbé e dání, tẹ́ ẹ ń ṣe "ṣìì, ṣìì" fún un kó lè tọ̀. Kí ló kan "ṣìì" kan ìtọ̀? Kò sí. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìgbà tí ìtọ̀ ń bọ̀ lẹ ń ṣe é, ara ọmọ so méjèèjì pọ̀, títí "ṣìì" nìkan fi tó. Ohun tí Ivan Pavlov ará Rọ́ṣíà rí lára ajá nìyẹn. Bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ló ń wádìí, iṣẹ́ yẹn ló sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 1904. Àmọ́ ó ṣàkíyèsí pé itọ́ àwọn ajá rẹ̀ ti ń dà kí oúnjẹ tó kan ẹnu wọn rárá. Classical conditioning ni a ń pè é. Ajá ò pinnu rẹ̀, ọmọ yín náà ò pinnu rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ dùn ún, aṣọ funfun wà níbẹ̀, aṣọ funfun wá di abẹ́rẹ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Lọ́dún 1920, ní Baltimore nílẹ̀ Amẹ́ríkà, John Watson, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, àti Rosalie Rayner tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mú ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún kan. Bó bá ti fọwọ́ kan eku funfun, wọ́n á fi òòlù lu irin gbàù lẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́ tí eku fi di ẹ̀rù fún un, lẹ́yìn náà ehoro àti ẹ̀wù onírun. Ọmọ náà kúrò lọ́wọ́ wọn láìjẹ́ pé wọ́n bá a mú ẹ̀rù yẹn kúrò. Lónìí, kò sẹ́ni tó máa gbà kí wọ́n ṣerú ẹ̀ dánwò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Obìnrin ló fi ọ̀nà àbáyọ hàn. Lọ́dún 1924, Mary Cover Jones kọ̀wé nípa ọmọ kan, Peter, tó ń bẹ̀rù ehoro. Bí Peter bá ń jẹ oúnjẹ tó fẹ́ràn, wọ́n á gbé ehoro sí ọ̀ọ́kán, nínú àgò. Ọjọ́ kejì, wọ́n á sún un mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Ó dé ibi tí Peter ń fọwọ́ pa ehoro lára. Ẹ̀yin náà, ẹ fi sùtánà kọ́ lọ́nà jíjìn ní pálọ̀ nígbà tó bá ń jẹ dòdò. Tí kò bá wojú rẹ̀ mọ́, ẹ sún un mọ́ ọn. Níkẹyìn, kí màmá wọ̀ ọ́ lójú rẹ̀, kí ó rí i pé ìyá àgbà rẹ̀ ló wà nínú aṣọ. Ẹ má kánjú o: tẹ́ ẹ bá kánjú, dòdò ló máa kórìíra. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ má parọ́ pé ẹ fẹ́ lọ ra àkàrà, kẹ́ ẹ wá já sí ọsibítù. Ní ti pàṣán, ìrora lẹ fẹ́ fi kún ìrora yẹn.

Ti bisikíìtì ni mo fẹ́ bá yín sọ jù. Igbe yẹn kì í ṣe ẹ̀rù, òwò ni. B. F. Skinner, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, fi eku sínú àpótí; bó bá tẹ ọ̀pá kékeré kan, oúnjẹ á jábọ́. Ohun tó bá mú èrè wá, a máa ń tún un ṣe. Ìyẹn ni operant conditioning. Ẹ̀yin náà wà nínú àpótí: ẹ ra bisikíìtì, ariwo dákẹ́, ìtìjú tán, èrè tiyín nìyẹn.

Ẹ ní nígbà mìíràn ẹ máa ń rọ́jú. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ní Sátidé kan, Skinner rí i pé oúnjẹ eku tóun fọwọ́ ṣe kò ní tó di ọjọ́ Ajé, ló bá ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú kan ni kí eku máa rí jẹ. Eku ò dáwọ́ dúró. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ la ti mọ̀ pé èrè tó ń wá ní ìgbà díẹ̀ díẹ̀ ló ń mú kí ìwà pẹ́ jù. Ẹ wo ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́: ó jẹ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó ń ta á lójoojúmọ́.

Nítorí náà, ẹ yan ọ̀kan. Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ sọ fún un bóyá òní jẹ́ ọjọ́ bisikíìtì. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí igbe máa yí padà. Igbe náà máa kọ́kọ́ le sí i, àwọn èèyàn á máa wò yín. Tẹ́ ẹ bá rà á lọ́jọ́ yẹn, igbe ńlá lẹ kọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé agbára yín ò gbé e, ẹ má mú un dání. Tó bá sì bá yín rajà láìyí ilẹ̀, ẹ kì í níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀, ẹ fi oríkì rẹ̀ pè é. Kò gbówó lórí.

Ó ku màmá. Ẹ pè wọ́n jókòó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń yọ́ bisikíìtì fún un nígbà tó ń ké, a ti padà sórí tẹ́tẹ́ nìyẹn. Bó bá wù wọ́n láti fún un, ẹ ní kí wọ́n fi pamọ́ di ọjọ́ Sọ́ńdè tí wọ́n máa wọ sùtánà, tí ọmọ á jókòó tì wọ́n láìké.