Béèrè Lọ́wọ́ Màmá Olùkọ́: Ta Ló Ni Ẹ̀yẹ, Ẹni Tó Ń Wọn Gàrí Ni Tàbí Àǹtí Rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Èmi ni akọ̀wé régbérégbé obìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lẹ́yìn Ojúde Ọba la fẹ́ ṣe àjọ̀dún ẹgbẹ́, a sì fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ dá àwọn kan lọ́lá. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 26 tó ní Down syndrome, ìyẹn ipò tí wọ́n bí mọ́ ọn, tó ń jẹ́ kí ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ sísọ nira díẹ̀ fún un. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé, òun ló sì ń bá a wọn gàrí ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Òkè-Ajé. Kò sí oníbàárà tó máa sọ pé kóńgò rẹ̀ kò kún. Àwọn kan ní àǹtí rẹ̀ ló yẹ ká fún, pé kí ni ọmọkùnrin náà mọ̀? Ìgbákejì alága wa ní ká gbé e sórí pèpéle, kí olùdarí ètò ṣàlàyé ìyà tó ń jẹ wọ́n, káwọn èèyàn lè dáwó. Ṣé ká rán aṣọ fún un pẹ̀lú?

Ìdáhùn: Akọ̀wé wa, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ìgbákejì alága yín lóhùn, torí ọ̀rọ̀ tiwọn lè kó yín sí wàhálà. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí lóṣù kìíní ọdún 2019, èyí tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, sọ ọ́ láìfi bò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó wọn síta gbangba láti fi wọ́n tọrọ owó. Ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe gan-an nìyẹn, ẹ̀yin kàn máa wọ léèsì ṣe é ni.

Mi ò ní kí wọ́n má náwó fún un o. Ìjẹ̀bú kúkú ni wá! Bó bá jó níwájú onílù, ẹ lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí bí ẹ ṣe ń ṣe fún ìyá alága. Kí ẹnikẹ́ni ṣáà má sọ ìtàn ẹkún sínú máìkì kí owó tó jáde. Kí wọ́n sì ka owó náà lójú rẹ̀, torí owó rẹ̀ ni.

Àwọn méjèèjì ló ni ẹ̀yẹ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní tirẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ sára pátákó ẹ̀yẹ: kóńgò rẹ̀ kì í dín. Ẹ má kọ ọ́ pé Ọlọ́run dá a lọ́nà àrà, kẹ́ ẹ wá dákẹ́ síbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tó ṣe. Àwọn tó ń ṣe ìdíje Special Olympics, eré ìdárayá àwọn tí ẹ̀kọ́ máa ń nira fún bíi tirẹ̀, tí Eunice Kennedy Shriver bẹ̀rẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1968, mọ èyí dáadáa: àwọn tí agbára wọn jọra ni wọ́n ń kó pọ̀ sáré, kí ẹni tó gba góòlù lè mọ̀ pé òun borí ni, wọn ò ṣàánú òun.

Ẹ ní kí ló mọ̀? Mo kọ́ irú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ṣágámù. Ọ̀rọ̀ tó ń yé ọ̀pọ̀ nínú wọn ju èyí tí ẹnu wọn lè sọ lọ. Etí àwọn mìíràn kì í sì í gbọ́ dáadáa. Nítorí náà, òun fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ bá ní ìsọ̀. Ẹ dúró síwájú rẹ̀ kó rí ẹnu yín, kẹ́ ẹ bi í ní ẹyọ kan: "Ṣé wàá wá gba ẹ̀bùn lọ́dọ̀ wa?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń nira fún wa. A ò ní tíì mí tá a ti béèrè òmíràn, gbogbo rẹ̀ á sì dà rú mọ́ ọn lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wà tó máa ń fi ìka lu tábìlì kó tó dáhùn. Àwọn àlejò á rò pé kò gbọ́, wọ́n á kọjú sí mi. Mi ò ní sọ nǹkan kan. Ìka yẹn á dúró, á sì sọ tẹnu rẹ̀.

Bó bá ní òun ò wá, ẹ gbé ẹ̀bùn náà lọ bá a lọ́jà. Bó bá gbà, ẹ mú un lọ wo gbọ̀ngàn náà ṣáájú, kẹ́ ẹ sì tètè pè é lọ́jọ́ náà, kí àwọn olórin tó yí ẹ̀rọ wọn sókè.

Àǹtí rẹ̀ ńkọ́? Mi ò rò pé pátákó ló ń wá. Ẹ bi wọ́n. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó máa jókòó sí ìsọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù ni wọ́n nílò, káwọn náà ráyè lọ sí ọsibítù tàbí kí wọ́n kàn sùn. Ẹ pín in láàárín ara yín. Kì í ṣe pé ẹ máa lọ ṣọ́ ọmọkùnrin náà o; òun ló máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wọn gàrí.

Aṣọ? Ẹ rán an. Kí télọ̀ wọ̀n ọ́n dáadáa, kó má fi ìwọ̀n ẹlòmíràn gé e, torí apá wọn sábà máa ń kúrú díẹ̀, ọrùn wọn a sì kì. Òun ni kó yan fìlà. Owó télọ̀, kí ẹgbẹ́ san án.