Ọjọ́ Kelòó Lo Wà?

Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Àǹtí

*Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 43 ni mí. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n sọ fún mi pé kókó tí mo fọwọ́ kàn nínú ọmú mi ọ̀tún, jẹjẹrẹ ni. Mẹ́fà ni kímò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, tí wọ́n ní kí n gbà, ọjọ́ 21 ló wà láàárín wọn, mo sì ti gba méjì. Irun mi ti dànù tán. Ohun tó ń dà mí láàmú ju àìsàn náà lọ ni pé n kò mọ ara mi mọ́. Lónìí mo lè gbálẹ̀ gbogbo ilé, lọ́la n kò ní lè gbé ife omi. Àwọn tó ń wá kí mi ń sọ pé kí n má sunkún, pé ẹkún ló ń mú àìsàn náà dàgbà. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, nǹkan tí kò bàjẹ́ ni á máa tún ṣe kiri. A sọ fún àwọn ọmọ wa méjèèjì, ọlọ́dún 13 àti ọlọ́dún 7, pé ó kàn rẹ̀ mí ni. Ìyá ọkọ mi tún fi àgbo ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ̀yin ṣe là á já? Ẹni tó ti rẹ̀.*

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Nígbà tí mo kà á tán lẹ́ẹ̀kẹta, mo dìde lọ wá ìwé kékeré kan tí mo ti kó pamọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Inú rẹ̀ ni mo ń kọ ọjọ́ sí nígbà tí èmi náà ń gba kímò, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ọmú mi òsì. Ojú ewé kìíní: "Ọjọ́ kejì. Mi ò sùn. Mo ká gbogbo aṣọ inú ilé ní aago mẹ́ta òru." Ojú ewé kejì: "Ọjọ́ karùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀."

O ní o ò mọ ara rẹ mọ́. Ọjọ́ tí o wà ni o ò mọ̀. Ọjọ́ tí o bá gba kímò ni ọjọ́ kìíní; ibẹ̀ ni kí o ti máa kà.

Kímò ọlọ́jọ́ 21 ní bó ṣe ń rìn lára èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn yàtọ̀ síra, ara náà sì yàtọ̀. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ojú mi máa ń là bí ojú òwìwí. Dexamethasone tí wọ́n fún mi pẹ̀lú oògùn èébì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo béèrè, nọ́ọ̀sì ní kí n máa lò ó láàárọ̀, kí n má jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́, oorun sì sàn díẹ̀. Oògùn èébì fúnra rẹ̀, má dúró de ìgbà tí inú bá ń rú kí o tó lò ó. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni kí o lò ó, torí èébì tó bá ti gòkè dé ọ̀fun kì í gbọ́ràn mọ́.

Tí dexamethasone bá wá kúrò lára, ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, gbogbo ara á já wálẹ̀. Ẹsẹ̀ á wúwo, gbogbo nǹkan á máa rùn bí irin lẹ́nu (mo fi ṣíbí irin sílẹ̀, ṣíbí oníke ni mo fi ń jẹun), ọkàn á sì rì. Ọjọ́ karùn-ún ni mo máa ń pinnu pé n kò ní lọ gba ìyókù. Nígbà kẹta, mo ṣí ìwé mi, mo rí i pé ọjọ́ karùn-ún ti ìgbà kìíní àti ti ìgbà kejì, ohun kan náà gẹ́lẹ́ ni mo kọ: "Ó tó. Mi ò lọ mọ́." Mo bú sẹ́rìn-ín lórí ibùsùn. Àṣé oògùn ló ń gba ẹnu mi sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, n kì í ṣe ìpinnu kankan lọ́jọ́ karùn-ún, àní ti aṣọ tí n ó wọ̀ pàápàá.

Ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá ni kí o bẹ̀rù jù, ẹ̀tàn sì wà níbẹ̀, torí ara á ti máa fúyẹ́ nígbà náà. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jù lọ. Ibí yìí ni mo ti ṣe ìwà òmùgọ̀. Ọjọ́ kẹwàá, ìgbà kejì, òtútù mú mi lóru, ara mi gbóná. N kò fẹ́ da ẹnikẹ́ni láàmú. Mo lo paracetamol méjì, mo fa aṣọ borí. Paracetamol tẹ ìgbóná náà rì, kòkòrò sì ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, n kò lè nàró. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò ní wọ́ọ̀dù. Ra tẹmómítà. Bó bá ti kà 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ì báà jẹ́ aago méjì òru, jí wọn, pe nọ́ńbà tí ilé ìwòsàn fún ọ, kí o sì máa lọ. Má kọ́kọ́ lo ohunkóhun. Tí o bá dé ẹnu ọ̀nà, ohun tí o máa sọ kí o tó kí ẹnikẹ́ni ni, "Kímò ni mò ń gbà, ara mi sì gbóná." Má gbà kí wọ́n ní kí o lọ tò sórí ìlà.

Ọjọ́ 15 sí 21 ni tìrẹ. Èmi fi tèmi ṣòfò lórí àlejò ní ìgbà méjì àkọ́kọ́. Ẹnì kan jókòó sí ìdí ẹsẹ̀ mi, ó ka èèyàn mẹ́ta tí àrùn yìí ti pa fún mi, ó wá dìde, ó ní kí n mọ́kàn le. (Inú ṣì ń bí mi sí i. Mo mọ̀ pé kò dáa.) Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi àbúrò mi obìnrin sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá wá ní ọjọ́ karùn-ún, á fọ abọ́, á sì máa lọ láìrí mi. Ẹni tó bá fẹ́ fojú kàn mí, kó wá ní ọjọ́ 16. Tí o bá ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ogún, á dín àárẹ̀ yẹn kù ju kí o dùbúlẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ó dún bí irọ́. Dán an wò.

Ẹkún kì í mú jẹjẹrẹ dàgbà. Sun ún. Àmọ́ tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, tí ọjọ́ 15 sí 21 pàápàá ò yàtọ̀ sí ọjọ́ karùn-ún, tí kò sí ohun tó dùn mọ́ ọ nínú, mú ìwé rẹ lọ bá dókítà, kí o fi hàn án. Ìyẹn ti kọjá àárẹ̀ kímò, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Tí ó bá sì jẹ́ pé ikú ló ń wù ọ́, má dúró de ọ̀sẹ̀ kankan. Sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọkọ rẹ tó ń tún nǹkan tí kò bàjẹ́ ṣe, irú rẹ̀ wà nílé mi. Ohun tó fẹ́ tún ṣe gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ ò tó. Gbé iṣẹ́ fún un. Lẹ́yìn tí mo kúrò ní wọ́ọ̀dù, mo fi tẹmómítà lé ọkọ mi lọ́wọ́. Àárọ̀ kan, alẹ́ kan, á wọ̀n ọ́n, á kọ ọ́ sínú ìwé mi: 36.7. 36.9. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó kọ 36.8, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Ẹ̀rù ń bà mí." Kò sọ ọ́ jáde. Mo kọ "Èmi náà" sábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Títí di òní, a ò tíì fi ẹnu sọ ọ́.

Ní ti àwọn ọmọ, ọlọ́dún 13 yẹn ti mọ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti rí orí rẹ. Pè wọ́n jókòó ní ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ tìrẹ, kí o dárúkọ rẹ̀: jẹjẹrẹ. Ohun mẹ́ta ni ọlọ́dún 7 ń fẹ́ gbọ́, bí kò tilẹ̀ béèrè: pé òun kọ́ ló fà á, pé kì í ràn, àti ta ni yóò máa mú òun lọ sí ilé ìwé. Tí wọ́n bá bi ọ́ bóyá o máa kú, tèmi lè ṣiṣẹ́ fún ọ: "Torí kí n má bàa kú ni wọ́n ṣe ń tọ́jú mi. Bí nǹkan kan bá yí padà, ẹnu mi lẹ ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Àgbo: dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, má mu ún. Ẹ̀dọ̀ rẹ ló ń bá kímò jìjàkadì, àwọn ewé kan sì máa ń yí agbára oògùn padà. Tí o bá ti mu díẹ̀, sọ fún dókítà, má fi pamọ́. Irun á hù.

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìyàwó mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú onítànṣán lẹ́yìn kímò. A ní ọmọ ọdún kan. Ṣé kí èmi àti ọmọ lọ máa sùn níbòmíràn? Bàbá Ọmọ.*

Rárá, sà. Èmi ò gba ìtànṣán, nítorí náà mo lọ bi nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìtànṣán tí ẹ̀rọ ń ta sí ọmú láti ìta kì í dúró sínú ara. Bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, ó tán. Ẹ jẹ́ kó gbé ọmọ rẹ̀, kí ẹ sì dì mọ́ ọn. Lásìkò kímò gan-an ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra: fún nǹkan bí wákàtí 48 lẹ́yìn tó bá gbà á, oògùn ń bá ìtọ̀ àti èébì jáde. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá ń nu ún, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n lẹ́yìn kímò pupa, ẹ má pariwo. Àwọ̀ doxorubicin, oògùn pupa náà, ni, ọjọ́ kan sí méjì ló ń gbà.

*Àbúrò mi, mo jù yín lọ, ẹ jẹ́ kí n pè yín bẹ́ẹ̀. Mo parí ìtọ́jú ní oṣù tó kọjá. Gbogbo ilé ń yọ̀, èmi sì ń sunkún ju ìgbà tí mo wà nínú rẹ̀ lọ. Wọ́n ní mo jẹ́ aláìmoore. Àbí orí mi ti dàrú ni? Ẹ̀gbọ́n.*

Ẹ̀gbọ́n mi, orí yín pé. Nígbà ìtọ́jú, ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ àti nọ́ọ̀sì ló ń ṣọ́ yín. Wọ́n wá dá yín padà sílé pẹ̀lú kóró oògùn kan lójúmọ́, wọ́n ní ó di oṣù mélòó kan. Tamoxifen, oògùn tí kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ tètè padà, ni tèmi, ọdún márùn-ún ni mo fi lò ó, ooru rẹ̀ sì ń jí mi lóru débi pé aṣọ méjì ni mo ń kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Gbogbo ìgbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti ń sún mọ́lé, ẹ̀yìn tó ń dùn mí lásán á di jẹjẹrẹ lọ́kàn mi. Ó ṣì ń ṣe mí, àmọ́ kò pẹ́ lára mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn yín bóyá àwọn tó ti parí ìtọ́jú máa ń pàdé níbẹ̀. Lọ́dọ̀ irú wọn ni mo ti kọ́kọ́ sọ pé inú mi ò dùn, tí kò sí ẹni tó pè mí ní aláìmoore.

Lẹ́yìn kímò kẹfà, n kò mọ̀ pé mo ṣì ń kà. Ó wà nínú ìwé náà, ìkọ̀wé mi wọ́: "Ọjọ́ 22. Kò sí kímò lónìí. Kí ni kí n wá ṣe?" Odindi ojú ewé ló ṣófo tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀: "Ọjọ́ 31. Mo gbàgbé láti kà láti ọjọ́ mélòó kan."