Ṣé ìjọba Amẹ́ríkà ló fà á tí dúdú àti funfun fi ń gbé àdúgbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìjọba lọ́wọ́ sí i gan-an, kì í ṣe pé kálukú kàn lọ síbi tó wù ú. Láti 1934 ni FHA, àjọ ìjọba tó ń ṣe onídùúró fún owó tí báǹkì ń yá èèyàn láti ra ilé, ti ń kọ̀ láti dúró fún àdúgbò aláwọ̀ dúdú, HOLC, àjọ ìjọba mìíràn tó ń rí sí owó ilé, náà ya máàpù, wọ́n fi pupa kun àwọn àdúgbò yẹn pé eléwu ni. Ní Levittown, àdúgbò ilé tuntun kan ní New York, àwọn tó kọ́lé síbẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé funfun nìkan ló lè gbébẹ̀, àfi tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, síbẹ̀ FHA ló wà lẹ́yìn wọn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1968 ti ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, àmọ́ ilé táwọn funfun rà nígbà yẹn ti gbówó lórí, ọmọ wọn ti jogún ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé dúdú ò nírú ẹ̀. Àwọn oníṣòwò ilé náà dá sí i o, kì í ṣe ìjọba nìkan.