Omi álọ́ọ̀mù kò lè fi alumíníọ̀mù bo bóòtì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Síǹkì ni mo ń fi iná bo bóòtì àti nọ́ọ̀tì ọ̀kadà ní ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́. Mo gbọ́ pé alumíníọ̀mù dára ju síǹkì lọ, mo wá po álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú kí omi kànga tòrò, mo so bóòtì mọ́ nẹ́gétíìfù bátìrì bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó kàn ń hó ṣáá ni, nǹkan funfun kan tó ń yọ̀ bí ilá sì bo bóòtì. Àbúrò mi tó wà ní LAUTECH ní ionic liquid ni kí n wá. Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ṣé apá mi ká a?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú ọpọlọ. Lóòótọ́ ni alumíníọ̀mù wà nínú álọ́ọ̀mù, ẹ kò ṣìnà níbẹ̀. Omi tí ẹ fi pò ó ló bà á jẹ́.

Iná tí ẹ rán sí alumíníọ̀mù, háídrójìn inú omi ló gbà á lọ́nà. Nínú òdiwọ̀n tí àwa oníkẹ́mísìrì ń lò, orí oódo ni háídrójìn wà; bí nǹkan bá ṣe wà nísàlẹ̀ tó ni ó ṣe ṣòro fún iná tó láti mú un lẹ̀. Síǹkì fi 0.76 fólítì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, alumíníọ̀mù fi 1.66. Ẹ óò ní síǹkì náà sáà wà nísàlẹ̀, kí ló dé tó ń lẹ̀? Háídrójìn máa ń lọ́ra lórí síǹkì ni. Kó tó múra tán, síǹkì ti jókòó. Ìlọ́ra yẹn kò tó gba alumíníọ̀mù là. Ẹ da odidi àpò álọ́ọ̀mù sí i, ẹ to bátìrì mẹ́wàá, háídrójìn náà ni yóò máa hó.

Ti nǹkan tó ń yọ̀ yẹn ńkọ́? Bí háídrójìn ti ń kúrò, omi tó yí bóòtì ká ń dà bí omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, ìyẹn ló mú kí alumíníọ̀mù dì bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Nǹkan kan náà ló ń kó ìdọ̀tí mọ́ra nínú kànga tí omi fi ń tòrò. Gbogbo ọ̀sán yẹn, omi lẹ ń tún ṣe, ẹ kò bo bóòtì kankan.

Ionic liquid ni iyọ̀ tó di omi láìjẹ́ pé a bu omi sí i. Iyọ̀ ọbẹ̀ á gbóná tó 801°C kó tó yọ́. Irú èyí kì í tó 100°C, òmíràn kò tilẹ̀ nílò iná. Ní 1951 ni Hurley àti Wier ní Amẹ́ríkà ti fi irú rẹ̀ kan bo nǹkan ní alumíníọ̀mù. Èyí tó gbajúmọ̀ báyìí, alumíníọ̀mù kíláráìdì ni wọ́n ń pò mọ́ iyọ̀ kan tó ń jẹ́ EMIC. Gbígbẹ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń bù wọ́n mọ́ra díẹ̀díẹ̀, wọ́n á yọ́ síra wọn, ife á sì gbóná mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá fi mólì kà á (bí oníkẹ́mísìrì ṣe ń ka iye ẹyọ, kì í ṣe ìwọ̀n), ti alumíníọ̀mù gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, bíi 2 sí 1. Tí wọ́n bá dọ́gba, kò ní bo nǹkan kan. Páànù alumíníọ̀mù lásán ni wọ́n ń so mọ́ pọ́sítíìfù, òun ló ń yọ́ láti dípò èyí tó lẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi máńgáníìsì kún un: alumíníọ̀mù nìkan rọ̀, ojú rẹ̀ kì í sábà dán, bí máńgáníìsì bá pọ̀ tó, ó ń dán bíi dígí, ó sì le.

Ibi tí apá yín kò ti ká a nìyí. Alumíníọ̀mù kíláráìdì kò fẹ́ rí ọ̀rinrin. Ẹ ti rí bí iyọ̀ ṣe ń làágùn nígbà òjò. Èyí kì í làágùn, èéfín ásíìdì ló ń tú. Mo ṣí ìgò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òjò oṣù kẹsàn-án. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìdérí, ọ̀nà ọ̀fun mi ti ń ta mí, ojú mi ń ṣomi. Inú àpótí tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ ágọ́ọ̀nù tàbí náítrójìn gbígbẹ kún ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀yẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá kò gbẹ tó o. Ẹ má dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó ń náwó sí i, bóòtì ọkọ̀ òfuurufú ló sábà ń rò. Nígbà tí kò sí omi, háídrójìn kò rí ibi wọ inú irin. Irin tó le gan-an tí háídrójìn bá wọ̀ lè ṣẹ́ lójijì láìtẹ̀ rárá.

Èyí sì kan yín lórí síǹkì tí ẹ ń ṣe. Tiyín kò ní òkun nítòsí, síǹkì tó dáadáa. Ṣùgbọ́n bóòtì tí wọ́n kọ 12.9 sí lórí, kódà 10.9 (àmì pé irin rẹ̀ le gan-an), ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú ásíìdì tí ẹ fi ń fọ ìpẹtà, kí háídrójìn má bàa wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá bò ó tán, kó tó pé wákàtí mẹ́rin, ẹ gbé e sínú ófùn ní nǹkan bíi 200°C, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán, kí háídrójìn tó ti wọ̀ ọ́ lè jáde. Ẹ ra ófùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má lọ yá ti oníbúrẹ́dì.