Risk: ṣé ewu ni, àbí tẹ́tẹ́?

Ìbéèrè tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni risk gan-an? Àwọn kan ní ewu ni, àwọn kan ní tẹ́tẹ́ ni. Wọ́n ń sọ ọ́ ní báǹkì, dókítà ń sọ ọ́, àwọn ọ̀dọ́ náà á ní 'jẹ́ kí n risk ẹ̀.' Ṣé nǹkan kan náà ni gbogbo wọn ń sọ?"

Nǹkan kan náà ni, àmọ́ ibi tí kálukú ti dì í mú yàtọ̀ síra. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ewu, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu.

Tí a bá ní "odò yẹn léwu," odò là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bóyá èèyàn dé ibẹ̀ o, bóyá ẹnikẹ́ni ò dé ibẹ̀ o, ó léwu. Ẹni tó jókòó sílé rẹ̀, tí kò ní ohun tó fẹ́ lọ ṣe létí odò, ewu náà ò kàn án. Ọjọ́ tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi pé òun fẹ́ sọdá ni ọ̀rọ̀ di risk, torí ó ti fi nǹkan sílẹ̀: ẹ̀mí rẹ̀, ẹrù rẹ̀, owó ọkọ̀ rẹ̀. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. A ní "ó léwu," a sì tún ní "ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu." Ẹ wo gbólóhùn kejì yẹn dáadáa. Kò ṣeé sọ láìsí ẹni tó ṣe é, kò sì ṣeé sọ láìsí ohun tí onítọ̀hún fi sílẹ̀. Fi kí ni wewu? Ẹ̀mí ni, àbí owó, àbí orúkọ rere? Ẹni tó bá ń pariwo risk tí kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn, kò tíì sọ nǹkan kan fún wa.

Àìmọ̀yàtọ̀ méjèèjì yìí ló dá họ́ùhọ́ù sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015. Àjọ IARC, tó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kéde pé ẹran tí wọ́n fi iyọ̀, èéfín tàbí kẹ́míkà tọ́jú wà ní ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú tábà. Kíá ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹni tó ń jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń mu sìgá. Kì í ṣe ohun tí àjọ náà sọ nìyẹn. Ìsọ̀rí yẹn kàn ń sọ pé ẹ̀rí tó dájú wà pé nǹkan méjèèjì lè fa jẹjẹrẹ. Ewu wà níbẹ̀, ó parí. Bí ewu náà ṣe tóbi tó lára ẹni tó ń jẹ ẹ́ lọ́tọ̀, lára ẹni tó ń mu sìgá lọ́tọ̀, ìyẹn ni risk, ìsọ̀rí wọn ò sì sọ ìyẹn rárá. Ti sìgá ju ti ẹran lọ fíìfíì.

Ẹ wá wo ìkíni tí à ń kí ara wa, "ẹ kú ewu." Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ là ń kí bẹ́ẹ̀, tàbí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ takìtì, tó sì jáde láìfi ibì kan pa. Nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Síbẹ̀ a ò sọ pé nígbà tó ti já sí ayọ̀, ewu ò sí níbẹ̀ látilẹ̀. A gbà pé ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ tó ohun tí à ń kí èèyàn kú rẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ibi tí èdè wa ti sún mọ́ risk tó ibí yìí. Awakọ̀ tó sá eré àsápajúdé, tó wá gúnlẹ̀ láyọ̀, á máa fọ́nnu pé, "ṣé ẹ rí i, kí ló ṣe mí?" Risk wà níbẹ̀ o. Kò kàn bọ́ sí i lára ni.

Nǹkan méjì la máa ń wò pọ̀ ká tó mọ bí risk kan ṣe tó: báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó pé ó máa ṣẹlẹ̀, àti pé tó bá ṣẹlẹ̀, kí ló máa bà jẹ́? Àwọn àgbà sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bóyá ní òru ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, iná yẹn á kú fúnra rẹ̀. Òwe yìí ò jiyàn ìyẹn. Ohun tó wà lábẹ́ òrùlé ló ń wò. Àwọn kan náà ló sì sọ pé kò séwu lóko àfi gìrìrì àparò, ìyẹn ohun tó ń pariwo tí kò lè ṣe wá ní jàǹbá. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń já wa láyà, àparò ni.

Tẹ́tẹ́ ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń ṣírò risk. Ní ọdún 1654, Blaise Pascal àti Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé ni àwọn méjèèjì, ń kọ lẹ́tà síra wọn lórí ọ̀rọ̀ kan báyìí. Ẹni méjì ń ta tẹ́tẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa kó owó. Kálukú fi ẹyọ owó wúrà 32 sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 64. Ọ̀kan ti jẹ ẹ̀ẹ̀mejì, èkejì jẹ ẹ̀ẹ̀kan, ni eré bá dá dúró láìparí. Báwo ni wọ́n ṣe máa pín owó náà? Pascal ní ẹni tó wà níwájú lè sọ pé: "Tí mo bá jẹ èyí tó kàn, mo kó 64. Tí mi ò bá jẹ ẹ́, ọ̀mì ni, 32 ṣì jẹ́ tèmi. Torí náà, 32 ti dá mi lójú. 32 tó kù la ò mọ ẹni tó máa ni ín, ẹ jẹ́ ká pín in dọ́gba." Ó máa gba 48, èkejì á gba 16. Ẹ rí i pé wọ́n ti dá iye lé ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, tí kò sì ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Orí irú ìṣirò báyìí ni iṣẹ́ adójútòfò dúró lé lónìí.

Àmọ́ ìyẹn ò sọ pé ẹni tó bá ti gbé risk ti ta tẹ́tẹ́. Atatẹ́tẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ dá ewu tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ ni. Àgbẹ̀ tó gbin nǹkan kò dá ọ̀dá sílẹ̀, ó bá a láyé ni. Àwọn kan máa ń fi òwe ẹni máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké ti èèyàn sínú òwò tí wọn ò yẹ̀ wò, mi ò sì fara mọ́ ọn. Ẹni inú òwe yẹn mọ̀ pé àáké òun máa kú. Ó ti ro ó, ó rí i pé oyin náà jù ú lọ.

Ní báǹkì àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi owó ṣòwò, risk kì í ṣe àdánù nìkan. Bí iye nǹkan ṣe ń lọ sókè tó sì ń já wálẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kódà ìlànà àgbáyé ISO 31000, lórí bí iléeṣẹ́ ṣe ń bójú tó risk, tó jáde ní 2009 tí wọ́n tún un ṣe ní 2018, sọ pé risk ni ipa tí àìdánilójú ń ní lórí ohun tí à ń lépa, ì báà jẹ́ sí rere, ì báà jẹ́ sí búburú. Ẹnu lásán kì í lò ó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun wà nínú risk à ń jẹ oríire. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tún ní ìyàtọ̀ kan tí Frank Knight fi lélẹ̀ ní 1921: risk ni èyí tí a mọ ìṣirò rẹ̀, bíi ti ọmọ ayò oníhà mẹ́fà, èyí tí a ò mọ ìṣirò rẹ̀ rárá, àìdánilójú pọ́ńbélé ni.

Ti dókítà ló yẹ kí etí wa là sí jù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995, wọ́n kìlọ̀ ní Britain pé irú oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tuntun kan ti sọ risk ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po méjì! Ọ̀pọ̀ obìnrin da oògùn wọn nù. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ìwádìí rí ni pé nínú nǹkan bí 7,000 obìnrin tó ń lo ti àtijọ́, ẹnì kan ni ẹ̀jẹ̀ dì fún. Nínú 7,000 tó ń lo tuntun, ẹni méjì. Òótọ́ ni pé ó di ìlọ́po méjì, òótọ́ sì ni pé ẹnì kan péré ló fi lé sí i nínú 7,000. Oyún fúnra rẹ̀ sì máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ju oògùn yẹn lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fojú bù ú pé oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní England àti Wales fi nǹkan bí 13,000 lé sí i. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ "ìlọ́po méjì," ẹ bi wọ́n pé ìlọ́po méjì kí ni.

Ó ku èyí tí wọ́n máa ń kọ sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà, pé ẹni tó bá wọlé, "at your own risk" ni. Ìyẹn ò sọ bóyá inú ibẹ̀ léwu tàbí kò léwu. Ẹni tó máa ru àdánù ló ń sọ: tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọrùn rẹ ló wà. Àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo ni òfin ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ní Britain, òfin kò jẹ́ kí oníṣòwò fi irú pátákó yẹn yọ ara rẹ̀ tó bá jẹ́ pé àìbìkítà rẹ̀ ló pa èèyàn tàbí tó ṣe é léṣe.