Ọmọ Ọdún 5 Ní Ògì Ẹ̀gbọ́n Òun Pọ̀ Ju Tòun Lọ

Ìbéèrè: Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ń gbé. Ìwọ̀n ògì kan náà ni mo ń bù fún àwọn ọmọ mi méjèèjì láràárọ̀, ti ẹ̀gbọ́n sínú ife gíga, ti àbúrò, ọmọ ọdún 5, sínú abọ́. Ojoojúmọ́ ni àbúrò ń sunkún pé mo rẹ́ òun jẹ. Ìyá ọkọ mi ní ojúkòkòrò ni, wọ́n ní kí n fi pàṣán lé e kúrò lára rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọmọ títọ́, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mú pàṣán. Ohun tí ọmọ yìí rí ni ó sọ. Jean Piaget, onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọkàn ọmọdé tí wọ́n bí ní Switzerland ní 1896, da omi láti inú ife kan sí òmíràn tí ó ga jù ú lọ lójú àwọn ọmọdé, ó sì ṣàkíyèsí pé ọmọ tí kò tíì tó nǹkan bí ọdún 7 sábà máa ń sọ pé omi inú ife gíga ni ó pọ̀ jù. Gíga ife ti gba gbogbo ojú rẹ̀, kò ráyè wo fífẹ̀ abọ́. Kò sì tíì lè fi ọkàn da ògì náà padà síbi tí ó ti wá, kí ó lè rí i pé kò sí ohun tí ó dín níbẹ̀.

Ẹ dán an wò nídìí iyán. Ẹ ṣu iyán méjì tí ó dọ́gba, kí òun fúnra rẹ̀ gbà pé ó dọ́gba, kí ẹ wá gé ọ̀kan sí òkèlè 4 níṣojú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó nawọ́ sí òkèlè mẹ́rin náà pé ìyẹn ni ó pọ̀ jù. Ẹ wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń kà wọ́n: ó ń ronú tọkàntọkàn ni.

Ní ti ohun tí ẹ ó ṣe, iṣẹ́ tí Patricia Greenfield, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣe láàárín àwọn ọmọ ẹ̀yà Wolof ní Senegal, tí ó jáde ní 1966, ni mo máa ń rántí. Nígbà tí àgbà ń da omi, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí kò lọ sílé ìwé ní omi náà kò dọ́gba mọ́. Nígbà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dà á, àwọn tí ó gbà pé ó dọ́gba pọ̀ sí i gan-an. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín máa da ògì rẹ̀ láti inú ife sínú abọ́, kí ó tún dà á padà. Kò ní yé e lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ mìíràn a ti mọ̀ pé ọmọ ayò kì í pọ̀ sí i nítorí pé a tò ó jìnnà síra, síbẹ̀ kí ti omi má tíì yé e.

Kí ó tó yé e, ẹ wá ife méjì tí ó bára mu fún wọn, kí ẹ sì pe ìyá ọkọ yín jókòó ti ọmọ náà nígbà tí ó bá ń da ògì rẹ̀.